Gíráàfù Ìmọ̀: Ìdí Tí Igi Nìkan Kò Fi Tó fún Ẹ̀rọ Tó Fẹ́ Mọ Gúúsù Kwara

Bí ẹ bá bi ẹ̀rọ léèrè pé ìpínlẹ̀ wo ni àwọn Ìgbómìnà wà, èsì tó máa fún yín kò dá lórí bó ṣe yára tó. Ọwọ́ ẹni tó to ìmọ̀ sínú rẹ̀ ló wà. Bí onítọ̀hún bá tò ó bí igi, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń ti ara ìtì kan ṣoṣo yọ, ẹ̀rọ á ní Kwara, á sì dákẹ́. Àwa tí a wà níbí mọ̀ pé Ìgbómìnà ni Òmù-Àrán, Ìgbómìnà sì ni Ìlá Ọ̀ràngún, bẹ́ẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Ìlá wà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ kóòdù ní Táńkè àti ní Òmù-Àrán mọ gíráàfù dunjú kí wọ́n tó máa kó ìmọ̀ ìlú wa sínú kọ̀ǹpútà.

Gíráàfù tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìlà tí tíṣà ìṣirò máa ń fà sójú pátákó. Kókó àti okùn ni. Ohunkóhun tí a bá lè dárúkọ lè jẹ́ kókó: ìlú, ọba, òkè, ilé ìwé. Ìbátan tó wà láàárín kókó méjì ni okùn. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, ti ro irú èrò yìí láti 1736, nígbà tí wọ́n ń wádìí bóyá èèyàn lè gba orí afárá méjèèje ìlú Königsberg kọjá láìgba ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi hàn pé kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kókó àti okùn to ìmọ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970. Ní 2012, Google gbé Knowledge Graph tirẹ̀ jáde. Òun ló ń gbé àpótí àlàyé tí ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì nígbà tí ẹ bá wá orúkọ ìlú tàbí ti èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú Èsìẹ́, ìlú àwọn ère òkúta. A lè kọ ọ́ báyìí: Èsìẹ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Ìrẹ́pọ̀dùn wà ní Kwara. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ ṣí ní 1945. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́ta: ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbátan, àti ohun tó bá a tan. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní RDF nìyẹn, èyí tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù lágbàáyé, fọwọ́ sí ní 1999. Láti inú gbólóhùn méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rọ lè dé ìparí èrò fúnra rẹ̀ pé Kwara ni Èsìẹ́ wà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo okùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kwara bá Ọ̀yọ́ pààlà, Ọ̀yọ́ bá Ògùn pààlà, Kwara kò sì bá Ògùn pààlà. Ẹni tó ń to ìmọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ irú okùn tó ṣeé gùn lọ síwájú àti irú èyí tí kò ṣeé gùn.

Igi ní àyè tirẹ̀ o. Ètò ìjọba bá a mu: Nàìjíríà, lẹ́yìn náà Kwara, lẹ́yìn náà ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ó rọrùn láti kọ, ó sì yá láti wá nǹkan nínú rẹ̀. Ìgbà tí ohun kan bá ń jẹ́ ti ibi méjì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè wá lo gíráàfù tó ń gbà kí kókó kan wà lábẹ́ ju kókó kan lọ, àmọ́ tí kò gba kí okùn yípo padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Òmù-Àrán á wà lábẹ́ Ìrẹ́pọ̀dùn, á tún wà lábẹ́ Ìgbómìnà, kò sì sí ìjà. Fún ìbátan tó máa ń yípo, bí ààlà, àna, àti ọ̀nà mọ́tò, gíráàfù tí kò ní ìdènà kankan ló yẹ. Ti ọ̀nà mọ́tò tún ń fẹ́ kí okùn gbé iye kìlómítà dání, kí ẹ̀rọ lè ṣírò ọ̀nà tó kúrú, kó sì mọ̀ pé láti Ìlọrin, Àjàṣẹ́-Ìpo ni èèyàn á dé kó tó yà sí Ọ̀fà tàbí kó kọrí sí Òmù-Àrán.

Ibi tí ó ká mi lára jù ni ti àsìkò. Láti 1967 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, Kábà wà lára Kwara. Ní 1991 ó bọ́ sí Kogi. Bí okùn kò bá gbé ọdún dání, ọ̀nà méjì ló kù, méjèèjì ò dáa: ẹ pa okùn àtijọ́ rẹ́, ìtàn á sì sọnù, tàbí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, ẹ̀rọ á wá máa sọ pé Kábà wà ní ìpínlẹ̀ méjì lónìí. Nínú RDF gẹ́gẹ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, okùn kì í gbé ẹrù. Ẹ ní láti sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ di kókó, kí ẹ tó so ọdún mọ́ ọn. Nínú irú gíráàfù tí Neo4j, ètò kọ̀ǹpútà fún títọ́jú gíráàfù, ń lò, okùn lè gbé ọdún ìbẹ̀rẹ̀, ọdún ìparí, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Wikidata náà, àkójọ ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ń jẹ́ kí ẹ fi ọjọ́ sára gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Fún ìtàn ìlú, èyí tí okùn rẹ̀ ń gbé ẹrù ni èmi yóò mú. Ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú kan lè yàtọ̀ láti ilé ọlọ́jà dé ilé baálẹ̀. Ẹ̀rọ tó dára á tọ́jú méjèèjì, á sì sọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Síbẹ̀, RDF ní àǹfààní tí kò ṣeé fojú fò: àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fún kókó kọ̀ọ̀kan. Òwù-Ìsin kò ní í dàpọ̀ mọ́ Òwù Abẹ́òkúta, ẹni tó wà ní ìlú mìíràn sì lè so dátà tirẹ̀ mọ́ tiyín.

Ti ibi ìpamọ́ kò le. Bí kókó bá jẹ́ 10,000, tí ẹ sì ya àtẹ tó fi gbogbo wọn kojú ara wọn, àpótí 100,000,000 lẹ máa ní. Bí okùn márùn-ún bá ń jáde láti ara kókó kọ̀ọ̀kan, 50,000 péré ló máa ní nǹkan nínú, ìyókù á ṣófo. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí kókó kọ̀ọ̀kan so mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tó. Àtẹ wúlò nígbà tí kókó bá kéré tí okùn sì pọ̀.

Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ kọ àwọn ìbéèrè tí ará ìlú máa bi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ń béèrè ibi, ìgbà, ọ̀nà, tàbí ẹlẹ́rìí. Fún ìlú bíi mélòó kan, Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, àti NetworkX, irinṣẹ́ inú rẹ̀ fún gíráàfù, tó, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì.