Ìjíhìn àwọn ilé-iṣẹ́ omi aládàáni lórí omi ẹ̀gbin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń ta omi ẹ̀rọ fún ará ìlú. Ní ọ̀pọ̀ àgbègbè, àwọn kan náà ló ń kó omi ẹ̀gbin tó ti ilé ìyàgbẹ́ àti ilé ìwẹ̀ jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ kó tó wọ odò tàbí òkun. Ọdún 1989 ni ìjọba Margaret Thatcher ta àwọn àjọ omi mẹ́wàá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, lẹ́yìn tó ti pa gbèsè bíi bílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn rẹ́ fún wọn kí ọjà náà lè tà. Scotland kò ta tirẹ̀. Láti 2001, ilé-iṣẹ́ tí kò ní onípìn-ín kankan ló ń bójú tó omi ní apá tó pọ̀ jù ní Wales.

Bí ẹ̀gbin ṣe ń dé inú odò

Nínú ọ̀pọ̀ ìlú, páìpù kan ṣoṣo ló ń gbé omi òjò àti omi ẹ̀gbin pọ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀, páìpù á kún, ìgbẹ́ á sì fẹ́ ru padà sínú ilé onílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ ògiri kúkurú kan sábẹ́ ilẹ̀ nínú ọ̀nà omi náà: èyí tó bá ga kọjá orí ògiri á ṣàn gba ojú ihò mìíràn bọ́ sínú odò, tòun ti tíṣù àti gbogbo ohun tó bá a rìn. Òfin fàyè gba èyí nígbà òjò àrọ̀ọ̀dá. Kò fàyè gbà á lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ. Níbi tí ẹ̀gbin bá ti ń wọ odò lemọ́lemọ́, nǹkan aláwọ̀ eérú kan tó ń yọ̀ máa ń hù bo òkúta ìsàlẹ̀ omi bí òwú.

Irú ojú ihò bẹ́ẹ̀ lé ní 14,000. Ìparí 2023 ni gbogbo wọn tó ní ẹ̀rọ aṣọ́ lára. Ní 2024, ẹ̀rọ náà ka ìgbà 450,398 tí ẹ̀gbin tú jáde, fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 wákàtí. Iye ìgbà àti wákàtí nìkan ló ń kà o, kì í wọn bí omi tó jáde ṣe pọ̀ tó.

Ẹni tó ń ṣọ́ wọn

Àjọ ìjọba méjì ló wà níbẹ̀: Environment Agency ló ń rí sí ìbàjẹ́ odò, Ofwat ló ń rí sí owó omi àti ìṣe ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀, ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ń bu omi tiwọn fún àyẹ̀wò, tí wọ́n sì ń kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́, bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń máàkì ìdánwò ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Southern Water, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ omi náà, fi ibi tí èyí lè já sí hàn. Ofwat rí i ní 2019 pé bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n máa ń dá omi dúró ní àwọn ibùdó kan, nígbà mìíràn wọ́n á fi ọkọ̀ táńkà kó o lọ síbòmíràn, kí aláyẹ̀wò má baà rí nǹkan kan bù. Mílíọ̀nù 126 pọ́n-ùn ni wọ́n san, mílíọ̀nù 123 nínú rẹ̀ sì padà sọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn 51, fún ẹ̀gbin tó tú jáde láàárín 2010 àti 2015, ilé-ẹjọ́ Canterbury sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 90 pọ́n-ùn lé e.

Àwọn ará ìlú náà kò jókòó lásán. Ìdájọ́ kan ní 2015 sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-iṣẹ́ omi máa dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àkọsílẹ̀ tó jẹ mọ́ àyíká. Lẹ́bàá odò Windrush, ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ashley Smith, àti ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, Peter Hammond, lo àǹfààní yìí. Hammond kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá bí omi ṣe máa ń ṣàn mọ̀ nígbà tí ẹ̀gbin bá ń tú, ó sì rí ìgbà púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2021, Environment Agency bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọ̀daràn ní ibùdó tó lé ní 2,000.

Ilé-ẹjọ́ àti òfin tuntun

Ní oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ tó ni Manchester Ship Canal, odò àtọwọ́dá kan, àti United Utilities, ilé-iṣẹ́ omi kan, pé ẹni tí ẹ̀gbin bá ba omi rẹ̀ jẹ́ lè pe ilé-iṣẹ́ omi lẹ́jọ́. Kì í ṣe gbogbo olùpẹjọ́ ló rí ọ̀nà gbà: ní oṣù kẹta 2025, ilé-ẹjọ́ ìdíje ọjà kò gba ẹjọ́ tí wọ́n pè lórúkọ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù oníbàárà.

Thames Water ni wọ́n fi owó jẹ níyà lẹ́yìn náà. Òun ló ń ṣiṣẹ́ fún London, ibùdó ẹ̀gbin rẹ̀ tó wà ní Crossness kò sì jìnnà rárá sí Thamesmead, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Ní oṣù karùn-ún 2025, Ofwat ní kó san mílíọ̀nù 122.7 pọ́n-ùn, mílíọ̀nù 18.2 nínú rẹ̀ jẹ́ nítorí èrè tó pín fún onípìn-ín lọ́nà tí kò yẹ. Gbèsè ọrùn rẹ̀ nígbà náà ti ń lọ sí bílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn.

Òfin tó jáde ní oṣù kejì 2025 fún Ofwat lágbára láti fòfin de àjẹmọ́nú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó bá kùnà, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sílẹ̀ fún ẹni tó bá dí olùwádìí lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà, ilé-iṣẹ́ mẹ́fà ni ìfòfindè náà kàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ Sir Jon Cunliffe, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ omi wò, dábàá pé kí wọ́n tú Ofwat fúnra rẹ̀ ká, ìjọba sì gbà.