Àkọ́kùn: Ohun tí OF Túmọ̀ sí Lára Ère Ẹṣin

Ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ère ẹṣin jọ, ìbáà jẹ́ ti Breyer, ti Stone tàbí ti ilé iṣẹ́ mìíràn, yóò ti rí lẹ́tà méjì náà, OF, nínú ìkéde ọjà àti nínú ètò ìdíje. Original Finish ni wọ́n dúró fún, àkọ́kùn sì ni mo ń pè é ní Yorùbá. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń ti ike gbígbóná sínú móòdù ní ìlàjì méjì, wọ́n á lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á ha ojú ìsopọ̀ wọn kí ó lè dán, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fín ọ̀dà sí i. Ère tí ọ̀dà yẹn ṣì wà lára rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi búrọ́ọ̀ṣì, sáńdípépà tàbí iná yí ohunkóhun padà lára rẹ̀ láti ìgbà náà, ni ère àkọ́kùn. Ìtumọ̀ náà kò le. Orúkọ tí àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ ni ó ń bí mi nínú.

Àwọn kan ń kọ ọ́ ní “orígínà” lásán. Èyí kò yẹ fún àríyànjiyàn gígùn: ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún bàtà, fún fóònù àti fún táyà ọkọ̀ kò lè jẹ́ kí ẹni tó ń ra ère mọ̀ pé ọ̀dà rẹ̀ ni à ń sọ, kì í ṣe ike rẹ̀.

Èyí tó gbilẹ̀ jù, tó sì burú jù, ni “ojúlówó”. Mo mọ ìdí tí ó fi ń wu àwọn tó ń lò ó: Yorùbá pọ́ńbélé ni, ó dùn létí, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pe ẹṣin kan ní ojúlówó nítorí pé a kò tún un kùn, a ti sọ, láìfẹ́ sọ ọ́, pé ayédèrú ni èyí tí a tún kùn, irọ́ gbáà sì nìyẹn. Oníṣẹ́ ọnà tó fi iná rọ ẹsẹ̀ ẹṣin ike kí ó lè tẹ̀ ẹ́ sípò mìíràn, tó fi amọ̀ tó ń gbẹ le ṣe gọ̀gọ̀ tuntun fún un, tó wá fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kun ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele, kò ṣe ayédèrú kankan. Owó tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń pa sì lè ju iye ẹṣin tí ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, a nílò ojúlówó fún iṣẹ́ tirẹ̀. Àdàkọ ẹṣin Breyer tí wọ́n ṣe ní Hong Kong láyé ọjọ́un ṣì ń jáde nínú páálí ọjà àlòkù títí di òní. Ọ̀kan nínú wọn tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì yí padà jẹ́ àkọ́kùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúlówó Breyer. Breyer tí a tún kùn jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkọ́kùn mọ́. Kí ni ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì yóò ṣe nígbà tó bá dé ìdí tábìlì ìdíje?

Àwọn mìíràn dábàá “àwọ̀ àdánidá”. Kí wọ́n wo ohun tí Breyer ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n kun ẹṣin ní búlúù, tí wọ́n jẹ́ kí gọ̀gọ̀ àti ìrù rẹ̀ funfun, tí wọ́n sì pè é ní Wedgewood Blue, tí wọ́n tún kun òmíràn ní àwọ̀ wúrà, tí wọ́n pè é ní Golden Charm. Ẹṣin wo ni Elédùmarè dá ní búlúù? Síbẹ̀ àkọ́kùn pátápátá ni wọ́n. Ọjà wọn kò yá nígbà náà, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ṣọ̀wọ́n, tí àwọn olùkójọ fi ń du wọn lónìí.

Àbá tó sún mọ́ òtítọ́ jù lọ ni ti àwọn tó yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, tí wọ́n ń pè é ní “fáàsì bọ́dì”. Mo gbà pé àfiwé náà bá a mu gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ ni fáàsì bọ́dì, bí nǹkan tilẹ̀ ti ha á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n ti tún fín kì í ṣe fáàsì bọ́dì mọ́, bí ó ti wù kí ó máa dán tó, ìdí nìyẹn tí ó fi ń fi ìka kan ara ọkọ̀ náà, tí ó ń yẹ etí rọ́bà gíláàsì wò bóyá ọ̀dà ta sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ère ẹṣin: etí tó ha tàbí pátákò tí ọ̀dà rẹ̀ bó díẹ̀ lè dín iye rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò gba ipò àkọ́kùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kán ọ̀dà dúdú kan ṣoṣo tí ẹni tó ni ín fi bo ojú ibi tó bó ni yóò gbà á. Kí ló wá dé tí n kò fi tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ náà? Nítorí pé láàárín àwọn olùkójọ, “body” ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tipẹ́: ẹṣin tó ti kán lẹ́sẹ̀ tàbí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, tí a ń rà ní pọ́ọ́kú láti tún un kùn. Ẹni tó ń sọ fáàsì bọ́dì ń fi orúkọ èyí tí a rà fún títún kùn pe èyí tí títún kùn yóò bà jẹ́.

Àkọ́ tó wà nínú àkọ́bí àti àkọ́so ni mo mú, mo sì so ó mọ́ kùn, ọ̀rọ̀ ìṣe tí àwọn tó ń fi ọ̀dà sí ilé ń lò lójoojúmọ́. Ó dárúkọ ọ̀dà, tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ó sọ ìgbà tí ọ̀dà ọ̀hún dé ara ère. Kò sì bú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó tún bí èkejì rẹ̀ wẹ́rẹ́: àtúnkùn ni èyí tí wọ́n ń kọ CM (Customized, èyí tí ẹnìkan ti yí padà) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan a máa sọ pé ère tí wọ́n tún gbẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn kùn lákọ̀tun. N kò ní í fi ìyẹn dá wa dúró. Àtakò tó ní láárí ni pé ibi funfun lára ọ̀pọ̀ ẹṣin Breyer àtijọ́ kì í ṣe ọ̀dà rárá, ike lásán tí wọ́n fi sílẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí akunlé mọ̀ọ́mọ̀ fò nínú iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Ike yẹn ló máa ń di yẹ́lò bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí àwọn olùkójọ fi ń sá a sí oòrùn kí ó lè padà funfun. Sísá sí oòrùn àti fífi omi ọṣẹ nù kò sọ ère di àtúnkùn, nítorí pé kò sí ọ̀dà tí a fi kún un, kò sì sí èyí tí a yọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i: àkọ́kùn ni, kì í ṣe àkọ́kún. Ní ti ìkékúrú, kí OF máa bá a lọ nínú ìkéde ọjà, nítorí pé ẹni tí ẹ fẹ́ ta ẹṣin fún níbi BreyerFest, àjọ̀dún àwọn olólùfẹ́ ère Breyer tí wọ́n ti ń ṣe ní Lexington ní ìpínlẹ̀ Kentucky láti ọdún 1990, kò ní í mọ ohun tí ÀK jẹ́. Nínú gbólóhùn Yorùbá, àkọ́kùn ni kí ẹ kọ.