Ìgbógunti òwò ènìyàn ní Èkó

Ìgbógunti òwò ènìyàn ní Èkó ni akitiyan ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ láti mú àwọn tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò, kí wọ́n sì dáàbò bo àwọn tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìlú yìí ni àwọn ejẹ́ǹtì ń kó ọmọdé wá láti ìgbèríko àti láti Olómìnira Benin, gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kí wọ́n lè di ọmọ ọ̀dọ̀. Láti ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tan ọ̀dọ́bìnrin lọ sí Líbíà, Ítálì àti ilẹ̀ Lárúbáwá.

Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn Palermo, àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò, ní ọdún 2000. Títí Abubakar, ìyàwó igbákejì ààrẹ ìgbà náà, ti dá WOTCLEF, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti fífi obìnrin àti ọmọdé ṣòwò, sílẹ̀ ní 1999. Ó ṣagbátẹrù àbá tó di òfin ní 2003, òfin yìí ló sì bí NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti òwò ènìyàn. Òfin mìíràn rọ́pò òfin 2003 yìí ní 2015: ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá fi ènìyàn ṣòwò kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 2, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ₦250,000.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ló nira jù láti bójú tó, nítorí inú ilé ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí kí ó lè kàwé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ejẹ́ǹtì bá ń gba owó oṣù ọmọ, tí ọmọ náà kò sì rí ilé ìwé lọ, òwò ni. Òfin 2015 ka gbígba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 sí iṣẹ́ ilé sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìlérí iṣẹ́ ilé yìí kan náà ni wọ́n fi tan ọ̀pọ̀ nínú àwọn aboyún 19 tí ọlọ́pàá tú sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án 2019, níbi tí wọ́n ti ń bímọ fún títà.

Láti 2017, ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó àwọn ọmọ Nàìjíríà bọ̀ láti Líbíà ti ń balẹ̀ sí pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó dé lẹ́nu wò, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n fi ṣòwò. Òfin kò gbà kí wọ́n fìyà jẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n fi ipá mú un ṣe, bí ayédèrú ìwé ìrìnnà. NAPTIP ní ilé ààbò ní Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn tí wọ́n fi ṣòwò sábà ń lò níbẹ̀, ẹjọ́ sì lè pẹ́ fún ọdún. Ẹni tí kò níbi tó máa sùn kò lè dúró de ọjọ́ tí yóò jẹ́rìí.

Ìbúra tún wà. Ọ̀pọ̀ màdáàmù, ìyẹn àwọn obìnrin tó ń fi ọmọbìnrin ṣòwò, máa ń mú ọmọbìnrin búra níwájú òòṣà pé kò ní tú àṣírí, ẹ̀rù ìbúra yìí kì í sì í jẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí, ẹjọ́ á sì kú. Ọba Ewuare Kejì ti Ìbíní sọ irú ìbúra bẹ́ẹ̀ di òfo ní oṣù Kẹta 2018, ó sì gégùn-ún fún àwọn tó ń ṣòwò náà. Òfin 2015 tún dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fi ṣòwò: owó dúkìá tí ilé ẹjọ́ bá gbà lọ́wọ́ ọ̀daràn ló ń wọ inú rẹ̀.