Nítorí ẹnì kan ṣoṣo: ìdí tí Sydney Swans fi ń wá fáwọ́ọ̀dù tó ga (ìbéèrè àti ìdáhùn)

Ní October 2025, Charlie Curnow, fáwọ́ọ̀dù gíga kan, kúrò ní tíìmù Carlton, ó lọ sí tíìmù Sydney Swans. Látìgbà yẹn làwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù Ọsirélíà ti ń béèrè pé ṣé orí Sydney pé báyìí, torí agbábọ́ọ̀lù méjì tó ti mọ iṣẹ́ dunjú, Will Hayward àti Ollie Florent, ni wọ́n kó fún Carlton, wọ́n tún wá yọ̀ǹda àyè tí wọn ì bá fi mú ọ̀dọ́ tó dáa jù nígbà draft (ìgbà tí àwọn tíìmù máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan). Gbogbo ẹ̀ nítorí ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, mo sì rò pé ó yé mi díẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé bọ́ọ̀lù tá a mọ̀ yẹn náà ni?

Rárá o. Bọ́ọ̀lù ẹ̀ rí bí ẹyin, pápá ẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, èèyàn 18 ló ń kojú 18. Òpó mẹ́rin ló wà lójú ilé kọ̀ọ̀kan, téèyàn bá fẹsẹ̀ gbá a gba àárín àwọn méjì tó ga, pọ́ìntì 6, tó bá gba ẹ̀gbẹ́, pọ́ìntì 1.

Kí ni fáwọ́ọ̀dù tó ga ń ṣe tí ẹlòmíì ò lè ṣe?

Òun ló ń hán bọ́ọ̀lù lókè. Òfin wọn ni pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fẹsẹ̀ gbá, tó sì rìn tó mítà 15, ẹni tó bá hán an kó tó kanlẹ̀ ló ni ín, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, á sún sẹ́yìn, á mí dáadáa, á wá gbá a síbi tó bá wù ú. Ẹ wá wo ẹni tó lè fò kọjá orí èèyàn mẹ́ta kó sì hán an ní mítà 30 sójú ilé, ṣé ẹ rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gólù náà tán. Tí ò bá tiẹ̀ rí i hán, á rí i pé ẹlòmíì ò hán an, bọ́ọ̀lù á já sílẹ̀, àwọn kékeré tó ń sá yí i ká á gbé e. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè, bí iwájú tíìmù bọ́ọ̀lù yìí ṣe rí gan-an nìyẹn, tí èyí tó ga ò bá sí, èyí tó kúrú ò ní rí nǹkan ṣà nílẹ̀.

Ṣé èèyàn gíga wọ́n ní Ọsirélíà ni?

Wọn ò wọ́n, èyí tí ara ẹ̀ lè gbé e fún sáà mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn ló wọ́n.

Kí ló dé tó fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀?

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí o. Ọmọ ọdún 18 ni wọ́n máa ń mú nígbà draft. Ọmọ kúkúrú tó yára lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín pápá lọ́dún tí wọ́n mú un, àmọ́ ọmọ gíga ṣì rí tẹ́ẹ́rẹ́, egungun ẹ̀ ò tíì gbó, ẹ sì fẹ́ kó lọ máa bá géńdé ẹni ọgbọ̀n ọdún jìjàkadì, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó má jẹ́ kó fò lọ. Ó máa ń tó ọdún mẹ́rin, márùn-ún, kó tó dúró dáadáa, láàárín ìgbà yẹn ó lè fi iṣan ẹsẹ̀ ṣèṣe, inú ẹ̀ lè má dùn mọ́, àwọn olólùfẹ́ tíìmù náà lè ti máa pariwo lé e lórí.

Ìkejì, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ti gbọ́n sí i. Láyé àtijọ́ ẹnì kan ló ń ṣọ́ ẹnì kan, lóde òní wọ́n máa ń fi ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ sílẹ̀, kí àwọn mẹ́ta jọ fò mọ́ bọ́ọ̀lù kan náà. Ẹ wo bó ṣe rí nínú iye gólù: Sydney yìí náà, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ South Melbourne (1982 ni wọ́n kó lọ sí Sydney), ní Bob Pratt tó gba gólù 150 ní 1934. Ẹni tó gba 100 nínú sáà kan gbẹ̀yìn ni Lance Franklin, 2008 sì nìyẹn, nígbà tó wà ní Hawthorn.

Ìkẹta, èyí sì ni wọn kì í sọ, bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ láti àárín pápá ńkọ́? Tí àwọn tó wà láàárín bá kàn ń gbá a sókè pẹ̀lú ìkánjú, kò sí bẹ́ni tó wà níwájú ṣe ga tó, á jọ pé kò mọ nǹkan kan.

Ṣé Sydney nìkan ló ń ṣe ni?

Rárá. Melbourne gba ife ní 2021, látìgbà yẹn wọ́n ti ń pààrọ̀ èèyàn níwájú. Ní 2023 wọ́n mú Harrison Petty kúrò lẹ́yìn lọ síwájú, ó gba gólù 6 mọ́ Richmond lọ́wọ́, kò pẹ́ ló fi ẹsẹ̀ ṣèṣe.

Báwo ni Sydney ṣe ń rí tiwọn tẹ́lẹ̀?

Wọ́n ń lọ mú un níta ni. Tony Lockett wá láti St Kilda ní 1995. Lọ́dún 1996, pọ́ìntì wọn àti ti Essendon dọ́gba nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, fèrè ti dún, Lockett ló ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kò wọ àárín ṣùgbọ́n pọ́ìntì kan yẹn tó wọn. Ní 1999 ó fọ́ àkọsílẹ̀ Gordon Coventry, ẹni tó gba gólù jù lọ tẹ́lẹ̀, gólù 1,299, àwọn èrò sì ya wọ pápá, 1,360 ló parí sí. Barry Hall náà wá láti St Kilda, òun ni ọ̀gá lórí pápá nígbà tí wọ́n gba ife 2005. Lẹ́yìn náà ni Franklin, tí wọ́n fún ní kọ́ńtráàtì ọdún mẹ́sàn-án ní 2013, owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Sydney ló wà nígbà tó gba gólù ẹlẹ́ẹ̀kẹgbẹ̀rún láyé ẹ̀ ní March 2022, àwọn èrò tún ya wọ pápá.

Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí. Ife 2012 ni wọ́n gbà gbẹ̀yìn, Franklin ò tíì dé. Nígbà tó wà níbẹ̀ wọ́n dé àṣekágbá 2014, 2016 àti 2022, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí 2022 ló dùn mí jù, pọ́ìntì 81 ni Geelong fi nà wọ́n, Sam Reid tó ga bíi tiẹ̀ náà wọ pápá lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ara tí ò yá, kò sì lè parí ẹ̀. Mi ò sọ pé Franklin ò ṣiṣẹ́ o, ó ṣiṣẹ́ gan-an, igi kan ò lè dá igbó ṣe ni.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní ńkọ́?

Wọ́n ní méjì tó dáa. Logan McDonald ni ẹni kẹrin tí wọ́n mú nínú gbogbo draft 2020. Joel Amartey, tí bàbá ẹ̀ wá láti Gánà níbí, gba gólù 9 nínú ìdíje kan ṣoṣo pẹ̀lú Adelaide ní 2024, mo wò ó, mo pariwo. Lọ́dún yẹn wọ́n tún dé àṣekágbá, Brisbane fi pọ́ìntì 60 nà wọ́n. Ní 2025 kóòṣì tuntun Dean Cox gba iṣẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí McDonald gbá bọ́ọ̀lù rárá lọ́dún náà, iṣan itan dá Amartey náà jókòó, Sydney ò sì wọ inú àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí ìdíje ìparí. Ohun tó gbé wọn dé ilé Curnow nìyẹn.

Ṣé Curnow máa yanjú ẹ̀?

Tí orúnkún ẹ̀ bá gbà fún un. Òun ló gba gólù jù ní 2022 àti ní 2023, 64 ní àkọ́kọ́, 81 ní ìkejì tá a bá ka àwọn ìdíje ìparí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láàárín 2019 sí 2021, orúnkún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀, kò gbá ẹyọ kan ní 2020. Ó pé ọdún 29 ní February 2026.

Ṣé kí ẹ̀rù ba olólùfẹ́ Sydney?

Díẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò ní rí mú mọ́, torí tí Curnow bá tún ṣèṣe, ta ló ń dàgbà bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ń wò ó, ẹ má ka gólù ẹ̀ nìkan. Ẹ máa wo bóyá àwọn mẹ́ta ṣì ń fò mọ́ ọn, tó bá rí bẹ́ẹ̀, Amartey àti McDonald á máa rí àyè, ìyẹn gan-an ni mo rò pé Sydney sanwó fún.

Ọmọ mi ga, ó fẹ́ máa gbá a. Kí n ṣe?

Ẹ jẹ́ kó gbá a, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ orí ẹ̀. Paddy McCartin ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ní draft 2014, fáwọ́ọ̀dù gíga ni, St Kilda ló mú un. Orí ẹ̀ gbá nǹkan léraléra, ọpọlọ ẹ̀ ń mì, ó ní láti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Sydney fún un ní àǹfààní míì, wọ́n fi í sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò ẹ̀ Tom (Tom náà, iwájú ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Sydney), ó sì gbá àṣekágbá 2022. Ní 2023 ó tún fi orí gbá nǹkan, ibẹ̀ ló parí sí. Òfin AFL (ìdíje àgbà bọ́ọ̀lù Ọsirélíà) ni pé ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ bá mì gbọ́dọ̀ sinmi ó kéré tán ọjọ́ 12, fún àwọn ọmọdé àtàwọn tíìmù àdúgbò, ọjọ́ 21 ni. Tí kóòṣì bá ní kọ́mọ yín padà wọlé lọ́jọ́ yẹn gan-an torí pé àṣekágbá ni, ẹ mú un lọ sílé.