Ewú orí nìkan kọ́ ló ń sọni di káńsẹ́lọ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lóṣù tó kọjá nípa káńsẹ́lọ̀, oníṣẹ́ tí à ń gbé ìṣòro ọkàn lọ bá: lẹ́ẹ̀kan nínú mọ́tò láti Àkúrẹ́ lọ sí Òǹdó, lẹ́ẹ̀kan níbi ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu alàgbà kan ní ìjọ wa. "Kí ni wọ́n tún ń kọ́ káńsẹ́lọ̀ ní yunifásítì? Ṣé ọ̀rọ̀ sísọ náà ń fẹ́ ẹ̀kọ́ ni? Èmi tí mo ti lo ọdún 32 pẹ̀lú ìyàwó kan ṣoṣo, kí ni ọmọ àná fẹ́ sọ fún mi nípa ìgbéyàwó?" Lẹ́yìn náà ni òwe á dé: ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ta ló tún máa bá wọn jiyàn?

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò láti fi yé yín pé àgbà náà ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Gbogbo wa la ní àbúrò bàbá kan tí a kì í gbé ọ̀rọ̀ lọ bá. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n rò pé ìmọ̀ràn ni káńsẹ́lọ̀ ń tà.

Ẹnu wa náà pín nínú ẹ̀bi yìí. "Agbaninímọ̀ràn" la ń pe oníṣẹ́ yìí, bí a bá sì ti pe èèyàn bẹ́ẹ̀, a ń retí kó la ẹnu, kó fún wa ní tiwa. Tí a bá tún pè é ní káńsẹ́lọ̀, ìyọnu mìíràn nìyẹn. Òbí kan wá síbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n ní kó lọ rí káńsẹ́lọ̀ nítorí ọmọ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni ìgbà tí katapílà máa dé àdúgbò àwọn. Kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù ló rò pé òun bá pàdé.

Carl Rogers, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1957 pé ọgbọ́n orí káńsẹ́lọ̀ kọ́ ló ń mú kí ẹni tó wá bá a yí padà. Ìwà mẹ́ta ló tẹnu mọ́: kó lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára onítọ̀hún, kó má tìtorí ohun tí onítọ̀hún ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, kí inú rẹ̀ má sì yàtọ̀ sí ojú tó fi ń pàdé rẹ̀. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bóyá àwọn wọ̀nyí nìkan tó. Ẹ̀yin náà ẹ ka àwọn àgbà tí ẹ mọ̀, kí ẹ wo iye nínú wọn tí ìwà kejì yẹn kò ní ṣòro fún, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin tó lóyún nílé ìwé ló jókòó síwájú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbì kan, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó, ó ní: "Mọ̀mí, gbogbo nǹkan ti sú mi. Ó sàn kí n kúkú má sí mọ́." Ẹ mọ ohun tí mọ̀mí máa sọ. "Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Má fi ẹnu ara rẹ sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. O ò ní kú, yíyè lo máa yè." Wọ́n lè gbàdúrà fún un, wọ́n lè sunkún, wọ́n lè tọwọ́ bọ àpò kí wọ́n fún un lówó. Ìfẹ́ ni, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti tì. Ohun tí ọmọ náà gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń sọ síta, kò sì ní sọ ọ́ mọ́. Ẹ fi òfin kún un: abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan lè wà fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ta ló máa yá lára láti la ẹnu?

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á bi í láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Ṣé o ti ń ronú àtigba ẹ̀mí ara rẹ?" Á wá dákẹ́, á dúró de èsì. Bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, á bèèrè bóyá ó ti ro bó ṣe fẹ́ ṣe é, á wá ẹni tí kò ní fi í sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, á sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn pé bíbéèrè lè gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Àwọn tó ti ṣèwádìí rẹ̀ léraléra kò rí i pé ó ń rí bẹ́ẹ̀. Kíláàsì ni wọ́n ti ń fi ìbéèrè yìí dánra wò, méjì méjì, olùkọ́ ń wò wọ́n, títí ahọ́n á fi yéé gbọ̀n. Ọjọ́ orí kò lè kọ́ni nírú èyí. Ohun tí ọjọ́ orí ń kọ́ wa níbí ni pé a kì í fi ẹnu kan ikú.

Wọ́n tún ń sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé kòtò kan náà ni. Mo mọ ìyá kan tó la ìkọ̀sílẹ̀ kọjá, tó jẹ́ pé gbogbo obìnrin tó bá sunkún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkọ tirẹ̀ àtijọ́ ló ń rí nínú ìtàn wọn.

Ohun tí àwọn tí mò ń bá jiyàn kì í mọ̀ rárá ni pé wọ́n ń yẹ iṣẹ́ yìí wò. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wá bá a bá gbà, á gbé e lọ fún olùkọ́, olùkọ́ á dá a dúró láàárín: "Kí ló dé tí o fi já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí?" Kódà lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣì ní ọ̀gá kan tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá. Télọ̀ tí oníbàárà kì í padà wá wọ aṣọ wò níwájú rẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó fún wọn lábíyá? Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí gbé àbájáde kan jáde lórí àwọn 170 tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn àti èèyàn tó lé ní 6,500 tí wọ́n bójú tó. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, iṣẹ́ wọn kò dára sí i. Tí a bá pa gbogbo wọn pọ̀, ó tiẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀. Ìyẹn àwọn tó kọ́ṣẹ́ o. Bàbá tó ń fi ìgbéyàwó ọdún 32 yangàn wá ńkọ́?

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe bí ẹni pé sábúkéètì ló ni gbogbo rẹ̀. Ní Zimbabwe, láti ọdún 2006, Dixon Chibanda, dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn màmá àgbà jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kufungisisa, ohun tí àwa náà ń pè ní àròjù. Wọ́n fi èèyàn 573 dán irú ètò yìí wò ní Harare, àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì yá ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Alàgbà wa á ní, "Ṣé ẹ rí i? Màmá àgbà!" Mo rí i. Mo tún rí i pé wọ́n kọ́ wọn kí wọ́n tó jókòó, wọ́n fún wọn ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ẹni tó mọ iṣẹ́ jù wọ́n lọ sì ń bojú tó wọn.

Bóyá ìwà ló ju ẹ̀kọ́ lọ nígbà náà, bóyá ẹ̀kọ́ ló ju ìwà lọ, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ẹni tí kò ní sùúrù, mi ò rò pé ilé ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí ní Òǹdó tàbí ibòmíràn lè rọ sùúrù sí i nínú. Ṣùgbọ́n onísùúrù tí kò kọ́ nǹkan kan ṣì lè pa èèyàn lára tẹ̀ríntẹ̀rín.

Kí ẹ tó kó ọ̀rọ̀ inú yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ kíyè sí bó bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹni tó wá ṣáájú yín ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin ni àpẹẹrẹ ọ̀la. Bó bá ní kí ẹ máa wá lálẹ́, ní ẹ̀yin nìkan, ẹ dìde. Kí ẹ sì bi í, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ta ló ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bó bá ní Ọlọ́run ni, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.