Kí ni git add ń ṣe gan-an?

Gbígbé Git, ètò tí ń tọ́jú ìtàn àyípadà inú àwọn fáìlì, sórí kọ̀ǹpútà kò le rárá. Ẹni tó bá ti fi orúkọ àti í-meèlì rẹ̀ hàn án yóò wọ inú fódà iṣẹ́ rẹ̀, yóò tẹ àṣẹ git init, fódà kékeré kan tí ń jẹ́ .git yóò sì fara sin síbẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà yóò máa gbé. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè GitHub, ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ń gbé iṣẹ́ Git wọn sí. Ọdún 2005 ni Linus Torvalds ṣe Git fún àwọn tí ń kọ Linux, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, GitHub kò sì dé títí di ọdún 2008. Ẹni tó bá ń pe méjèèjì ní ohun kan náà ń pe fọ́tò ní ògiri tí wọ́n gbé e kọ́.

Ohun tó ń rú olùbẹ̀rẹ̀ lójú ni pé ìgbésẹ̀ méjì ni ìpamọ́: git add, lẹ́yìn náà git commit. Ká wo ayàwòrán níbi ìnáwó. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà ló máa wà nínú fọ́tò, àfi àwọn tí wọ́n bá ké sí pé, "Ẹbí ìyàwó, ẹ bọ́ síwájú." Git add ni ìpè yẹn, git commit ni títẹ kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó tún fáìlì márùn-ún ṣe fi lè pe méjì tó bára tan síwájú, kó yà wọ́n pọ̀, kó kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò, kó tó wá pe mẹ́ta tó kù fún fọ́tò mìíràn.

Àfiwé yìí ní ibi tó ti já. Ká ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti jáde síwájú, tó wá sáré lọ pààrọ̀ gèlè kí wọ́n tó tẹ kámẹ́rà. Gèlè tuntun ni fọ́tò yóò gbé jáde, ṣùgbọ́n gèlè àtijọ́ ni Git yóò gbé jáde, nítorí pé ojú ẹsẹ̀ tí a tẹ git add ló ti ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú fáìlì náà, tó sì ti tọ́jú rẹ̀ sínú .git. Ohun tí a bá kọ kún un lẹ́yìn ìgbà náà kò ní sí nínú commit, àyàfi tí a bá tún tẹ git add. Ẹni tó bá tẹ git status lásìkò yìí yóò rí orúkọ fáìlì kan ṣoṣo níbi méjì, yóò sì rò pé ẹ̀rọ ń ṣèrànrán. Gèlè méjì ló ń rí.

Ẹ̀dà tí git add ṣe yìí kì í jẹ́ orúkọ tí a sọ fáìlì. Orúkọ àmútọ̀runwá ló ń jẹ́. Bí ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wáyé ṣe ń jẹ́ Ìgè nílé yòówù tí wọ́n bá bí i sí, bẹ́ẹ̀ ni Git ń fi ìṣirò SHA-1 fa orúkọ onílẹ́tà-àti-nọ́ńbà 40 yọ láti inú ohun tí fáìlì ní nínú. Fáìlì òfìfo a máa jẹ́ e69de29 àti ohun tó tẹ̀ lé e, lórí kọ̀ǹpútà yòówù. Nítorí náà, fáìlì méjì tí ọ̀rọ̀ inú wọn bára mu délẹ̀, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni Git ń tọ́jú fún wọn. Ọgbọ́n ńlá nìyí, ó sì ṣeni láàánú pé abẹ́ àṣẹ tí wọ́n sọ ní add ló fara pamọ́ sí, orúkọ tí kò jọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Àwọn kan a máa tẹ git commit -a kí wọ́n lè fo ìpè náà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn fáìlì tí Git ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń yà. Fáìlì tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè rí yóò wà ní ìjókòó lábẹ́ àtíbàbà.