Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi lórí kirimínọ́lọ́jì

Ọ̀dọ̀ mi ní Kubwa, ní Àbújá, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pe bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kirimínọ́lọ́jì lòun fẹ́ kà ní yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n mi ò dá a lóhùn. Èmi ni wọ́n pè, nítorí mo ti ka nǹkan ọ̀hún rí. Mo kọ èyí tó ṣe kókó sílẹ̀ fún àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ náà ń rú lójú bíi tiwọn.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Bí wọ́n ṣe ń jalè, àbí bí wọ́n ṣe ń mú olè?

Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, Bọ̀ọ̀dá. Ìdí tí èèyàn fi ń rú òfin ni wọ́n ń wá, àti ohun tí ìyà ń sọ ẹni tó jẹ ẹ́ dà. Ní 1876, dókítà ará Ítálì kan, Cesare Lombroso, ní òun lè wo orí àti àgbọ̀n ẹni kí òun mọ̀ pé wọ́n bí i ní ọ̀daràn ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní tirẹ̀, ṣe ni gbogbo kíláàsì ń yọ́ orí ara wọn wò. Charles Goring, dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, ló wá fi ìwọ̀n wo orí àti ara nǹkan bí 3,000 ẹlẹ́wọ̀n ní Ẹ̀ńgíláǹdì. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1913, ọ̀rọ̀ Lombroso ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Ìyẹn tòyìnbó. Kí ló lè sọ nípa one-chance Àbújá yín yẹn?

Ibi tó dùn jù nìyẹn. Ẹ wo òṣìṣẹ́ tó dúró ní Berger nígbà tílẹ̀ ń ṣú, tó ń lọ sí Nyanya tàbí Mararaba. Bọ́ọ̀sì ò tó. Kabúkabú kan dúró, èrò mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀, ó wọlé. Ìgbà tí wọ́n bọ́ sórí títì ńlá ló tó mọ̀ pé dẹ́rẹ́bà àti èrò, ẹgbẹ́ ọlọ́ṣà kan náà ni wọ́n.

Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Lawrence Cohen àti Marcus Felson, sọ ní 1979 pé nǹkan mẹ́ta ló ń pàdé kí irú èyí tó ṣẹlẹ̀: ẹni tó fẹ́ ṣe ibi, ẹni tàbí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, àti àìsí olùṣọ́. Ohun tó gbé wọn débẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà ń lówó sí i lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, olè sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n rí i pé ilé ń ṣófo lọ́sàn-án nítorí tọkọtaya ti lọ síbi iṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n náà sì ti fúyẹ́ tó ohun téèyàn lè gbé sá.

Ẹ fi one-chance wò ó. Ọlọ́ṣà ti wà nílẹ̀. Ọ̀nà jíjìn àti àìtó ọkọ̀ ló ń ti èrò sí i lọ́wọ́. Àwọn tó yẹ kó ṣe olùṣọ́, ìyẹn èrò ẹgbẹ́ ẹni, ló tún di ọlọ́ṣà. Bí iná bá wà níbùdókọ̀, tí ẹnì kan sì ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀ kó tó gbéra, ààrò ti ku méjì nìyẹn, ìkòkò ò lè jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ní àdúrà ńkọ́. Mo ní mo ń gbà á kí n tó wọkọ̀, mo sì tún ń wo nọ́ńbà.

Ìbéèrè: Ṣé yóò di lọ́yà?

Rárá o, ọ̀tọ̀ ni ti lọ́yà. Àmọ́ yóò mọ̀ pé ohun tó jẹ́ ọ̀ràn níbìkan lè máà jẹ́ ọ̀ràn níbòmíràn. Criminal Code ni ìwé òfin ọ̀daràn tí ẹ ń lò ní Gúúsù lọ́hùn-ún. Penal Code ni ti Òkè Ọya àti Àbújá. Ẹ wo panṣágà. Ní 1961, nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, ilé ẹjọ́ gíga sọ pé kì í ṣe ọ̀ràn lọ́dọ̀ yín, nítorí kò sí nínú ìwé òfin. Nínú Penal Code, ó wà níbẹ̀, abala 387 àti 388, fún ẹni tí òfin tàbí àṣà ìbílẹ̀ rẹ̀ bá kà á sí ọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kí n máa bọ́rọ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ó tún máa jókòó ṣe JAMB ni?

Bó bá jẹ́ NOUN, ìyẹn National Open University, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi ní Àbújá níbí, wọn kì í béèrè UTME, ìdánwò JAMB yẹn. Federal University Dutse, ní Jigawa, náà ní ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n JAMB lọ̀nà ibẹ̀. Police Academy ti Wudil ní Kano, ọ̀tọ̀ nìyẹn: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi aṣọ ọlọ́pàá kàwé. Ibi yòówù kó ti kà á, kó má rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ wo ló máa rí ṣe?

Dìgírì yìí ò sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá, Civil Defence, NDLEA, EFCC, kálukú ló ń gba èèyàn nígbà tiẹ̀, ẹni tó ka nǹkan mìíràn sì ń wọlé síbẹ̀. Bó bá jẹ́ kákí ló wù ú, kó lọ forúkọ sílẹ̀ fún kákí. Ibi tí mo ti rí àyè ni òfin 2019 tó sọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n di Nigerian Correctional Service. Ó fàyè gba ìjìyà tí kò mú ẹ̀wọ̀n dání: iṣẹ́ ìlú, parole (kí wọ́n dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ), probation (kó máa gbé nílé lábẹ́ ìṣọ́ dípò ẹ̀wọ̀n). Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé àwọn èèyàn wọ̀nyí, kó mọ ibi tí wọ́n ń sùn àti àwọn tí wọ́n ń bá rìn. Ọmọ yín lè ṣe é. Òun ló ń bi mí léraléra pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ti ẹni tó jí fóònù mọ́lé pẹ̀lú ẹni tó pààyàn.

Ìbéèrè: Ta ló máa sanwó rẹ̀?

Ẹ̀yin ni, Bọ̀ọ̀dá. Oúnjẹ lèmi ń bá yín dá sí i.